Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Bí A Ṣe Ń Yan Pọ́ǹpù Tí Yóò Gbé Omi Láti Ìsàlẹ̀ Dé Òkè Ilé

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Ọjọ́ Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa, Iva Valley, Enugu

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó kan ilé gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ ìṣèlú kọ́, ọ̀rọ̀ oyè kọ́. Ọ̀rọ̀ omi ni. Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn ni èyí: báwo ni a ṣe ń yan pọ́ǹpù tí yóò gbé omi láti inú táǹkì abẹ́ ilẹ̀ tàbí kànga lọ sínú táǹkì orí ilé, tí owó kò fi ní ṣòfò, tí ẹ̀mí kò sì ní ṣòfò?

Ẹnikẹ́ni lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Kì í ṣe kékeré. Bí pọ́ǹpù bá kọṣẹ́, kì í ṣe bàbá ilé ni yóò gbé kòròbá lórí láti ìsàlẹ̀ dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní aago márùn-ún ìdájí. Àwọn ìyá wa ni, àti àwọn ọmọ tí ó yẹ kí wọ́n ti máa múra ilé-ìwé.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ́ tiwa ní Enugu?

Abẹ́ ìlú Enugu jẹ́ àpáta alámọ̀ tí kì í jẹ́ kí omi gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè é ní Enugu Shale. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kànga ìgboro kì í fi í mú omi tó wá. Òkè lọ́hùn-ún, ní apá Ngwo àti 9th Mile Corner, ni omi pọ̀ sí, nínú àpáta oníyanrìn tí wọ́n ń pè ní Ajali Sandstone. Láti ibẹ̀ ni àwọn táńkà ti ń gbé omi tí wọ́n ń tà fún wa. Ní ọdún 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ Enugu ṣí iṣẹ́ omi ti 9th Mile tí wọ́n ṣe lákọ̀tun. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí omi bá tilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wa lójoojúmọ́, a ṣì ní láti gbé e dé òkè.

Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ilé fi gbẹ́ táǹkì ńlá sí abẹ́ ilẹ̀. Táńkà á já omi sínú rẹ̀, òjò orí páànù á ṣàn sínú rẹ̀, omi ìjọba á wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ tí ó bá yọ. Lẹ́yìn náà ni a ó wá pọ́ǹpù tí yóò gbé e lọ sí táǹkì tí ó wà lórí òpó. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ti ń ṣìnà. A ó wọ ṣọ́ọ̀bù, a ó sọ pé, "Ẹ fún mi ní èyí tí ó lágbára jù." Ẹni tí ń tajà kò mọ ilé wa, kò mọ bí òpó wa ṣe ga tó. Ohun tí ó bá wà ní ọwọ́ rẹ̀ ni yóò tà. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ilé ni a kọ́kọ́ ń wọ̀n, kí a tó ra pọ́ǹpù. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun yòókù tí mo bá sọ lónìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Àwọn awakùsà ti mọ ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú wa

Ibi tí a wà yìí, a kò lè dárúkọ rẹ̀ kí a má rántí àwọn awakùsà. Ọdún 1909 ni wọ́n rí èédú ní agbègbè yìí, wọ́n sì ṣí ibi ìwakùsà Iva Valley ní ọdún 1917. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1949, ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà 21 níhìn-ín nítorí ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ wọn. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ọ̀tá kan tí àwọn bàbá wọ̀nyẹn ń bá jà lójoojúmọ́ ni omi. Àpáta oníyanrìn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wà lórí èédú, omi inú rẹ̀ sì ń gba ojú sísán wọ inú ihò tí wọ́n gbẹ́. Pọ́ǹpù ní láti máa ṣiṣẹ́ kí iṣẹ́ tó lè tẹ̀ síwájú, nítorí bí pọ́ǹpù bá dúró, omi á gba ihò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní gbogbo ayé. Ẹ̀rọ onígbóná-omi àkọ́kọ́ tí ó ṣiṣẹ́ dáadáa, èyí tí Thomas Newcomen ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1712, kì í ṣe ọkọ̀ ni wọ́n fi wà. Omi ni ó ń fà jáde nínú ihò ìwakùsà èédú. Ìbéèrè tí àwọn ọ̀gá ìwakùsà máa ń kọ́kọ́ bi ara wọn ni pé: omi mélòó ni, ibo ni ó wà, báwo ni ibi tí a ń gbé e lọ ṣe ga tó? Ìbéèrè mẹ́ta yìí náà ni kí á fi wọn ilé wa.

Ìwọ̀n kìíní: omi mélòó ni ilé ń lò?

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé omi tí ènìyàn kan nílò lójúmọ́ wà láàárín 50 sí 100 lítà. Ní ilé tí a ti ń ra omi, ẹ jẹ́ kí á mú 60. Ilé ẹlẹ́ni 6 yóò lo 360 lítà lójúmọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé pọ́ǹpù kékeré tí ó ń gbé 20 lítà ní ìṣẹ́jú kan yóò gbé 360 lítà láàárín ìṣẹ́jú 18. Ìṣẹ́jú 18 péré! Kí ni ilé bẹ́ẹ̀ fẹ́ fi pọ́ǹpù ńlá ṣe?

Ìwọ̀n kejì: báwo ni òkè ṣe jìn sí omi?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wọn òpó nìkan. Kò tó. Ojú omi nínú táǹkì abẹ́ ilẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n, ní ìgbà tí omi bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, títí dé ẹnu páìpù tí ń tú omi sínú táǹkì òkè. Bí ojú omi bá fi mítà 2.5 wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, tí ẹnu páìpù sì fi mítà 7.5 ga sí òkè ilẹ̀, mítà 10 ni gíga wa. Okùn àti òkúta kékeré kan tó fi wọ̀n ọ́n. Àwa tí ilé wa wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ní Iva Valley yìí, tí kànga wà nísàlẹ̀ tí ilé wà lókè, kí á fi gíga gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà kún un.

Ìwọ̀n kẹta: páìpù

Omi kì í rìn nínú páìpù lọ́fẹ̀ẹ́. Ara páìpù ń dá a dúró, gbogbo kọ́nà tí páìpù bá ti ṣẹ́ náà sì ń dá a dúró. A lè ka ìdènà yìí bí ẹni pé òpó wa tún ga sí i. Ẹ wo àpẹẹrẹ ilé wa yẹn. Ká ní páìpù rẹ̀ gùn ní mítà 25, tí ó ṣẹ́ kọ́nà ní ibi 6, tí a sì fẹ́ kí 30 lítà gba inú rẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan:

Páìpù ìlàjì ínǹṣì: ìdènà rẹ̀ tó bíi mítà 16.
Páìpù ínǹṣì mẹ́ta nínú mẹ́rin: bíi mítà 4.
Páìpù ínǹṣì kan: bíi mítà 1 péré.

Ẹ gbọ́ o. Mítà 10 ni ilé ga, ṣùgbọ́n pẹ̀lú páìpù ìlàjì ínǹṣì, iṣẹ́ mítà 26 ni pọ́ǹpù yóò ṣe. Ẹni tí ó fi páìpù tín-ín-rín dín owó kù, òun ni ó fi kọ́ òpó mìíràn tí ojú kò rí, tí yóò sì máa san owó iná rẹ̀ títí láé.

Ìdí kejì tí pọ́ǹpù ńlá kì í fi í ran ni lọ́wọ́ wà níbí. Bí omi tí ń gba inú páìpù kan bá di ìlọ́po méjì, ìdènà rẹ̀ kì í di ìlọ́po méjì; ó ń lé ní ìlọ́po mẹ́ta ààbọ̀. Bí a bá fẹ́ ti 60 lítà gba páìpù ínǹṣì mẹ́ta nínú mẹ́rin kan náà, ìdènà mítà 4 yóò di nǹkan bíi 15. Pọ́ǹpù ńlá náà yóò wá máa bá páìpù jà ju bí ó ṣe ń gbé omi lọ. Ẹ pààrọ̀ páìpù kí ẹ tó pààrọ̀ pọ́ǹpù.

Bí a ṣe ń ka ohun tí wọ́n kọ sára pọ́ǹpù

Lára pọ́ǹpù ẹ ó rí nọ́ńbà méjì. Ọ̀kan ni Hmax, ìyẹn gíga tí ó lè dé. Èkejì ni Qmax, ìyẹn omi tí ó lè gbé ní ìṣẹ́jú kan. Ká ní wọ́n kọ Hmax mítà 35 àti Qmax 35 lítà sára pọ́ǹpù kékeré ti 0.5 hp. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé yóò gbé 35 lítà dé mítà 35. Rárá o! Nọ́ńbà méjèèjì kì í pàdé. Ní mítà 35, omi kan kò ní jáde. Páìpù á kún, pọ́ǹpù á máa hó lásán. Bí ó bá sì fẹ́ gbé 35 lítà, àfi kí ó má gbé e ga rárá. Àárín méjèèjì ni ilé wa wà.

Nínú irú pọ́ǹpù kékeré bẹ́ẹ̀, bí gíga bá ń lọ sókè ni omi ń lọ sílẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń lọ ní ìwọ̀n kan náà. Tí a bá ṣe ìṣirò ilé wa pẹ̀lú rẹ̀, páìpù ínǹṣì mẹ́ta nínú mẹ́rin yóò mú nǹkan bíi 23 lítà dé òkè ní ìṣẹ́jú kan. Ti ínǹṣì kan, bíi 24. Ti ìlàjì ínǹṣì, bíi 18. Táǹkì 1,000 lítà yóò kún láàárín nǹkan bíi ìṣẹ́jú 43 pẹ̀lú páìpù àárín yẹn. Pọ́ǹpù 0.5 hp tó ilé ẹlẹ́ni 6, ó tún ṣẹ́kù.

Bí ilé yín bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta tí ayálégbé kún, ìwọ̀n yín yóò yàtọ̀, ẹ ó sì nílò èyí tí ó tóbi. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni kí ó sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fífà: ibi tí ọgbọ́n ti pin

Òfin kan wà tí owó kò lè rà. Pọ́ǹpù tí ó wà lórí ilẹ̀ kò lè fa omi láti inú kànga tí ojú omi rẹ̀ jìn ju nǹkan bíi mítà 7 sí 8 lọ, ìbáà jẹ́ 0.5 hp, ìbáà jẹ́ 5 hp. Ìdí rẹ̀ rọrùn. Bí ọmọdé bá fi sítúrọ́ọ̀ mu mínírà, kì í ṣe ẹnu rẹ̀ ni ó ń gbé mínírà wá. Ó fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú sítúrọ́ọ̀, afẹ́fẹ́ ayé tí ó wà lóde ni ó wá ti mínírà sókè. Agbára afẹ́fẹ́ ayé náà kò ju kí ó ti omi dé bíi mítà 10 lọ, pọ́ǹpù kì í sì í rí gbogbo rẹ̀ lò. Galileo kọ nípa ìdíwọ́ yìí nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1638. Torricelli, tí ó gba ipò rẹ̀, ni ó ṣàlàyé rẹ̀ láìpẹ́ lẹ́yìn náà.

Nítorí náà, bí kànga bá jìn, sumo ni kí á rà, ìyẹn pọ́ǹpù tí ń wọ inú omi lọ. Òun kì í fà. Ó ń tì í láti ìsàlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n omi ni ó ń mú un tutù. Bí omi bá lọ sílẹ̀ tí ó sì ń ṣiṣẹ́ lọ, yóò jóná. Fún táǹkì abẹ́ ilẹ̀ tí kò jìn, pọ́ǹpù orí ilẹ̀ tó, bí a bá gbé e sún mọ́ táǹkì. Ẹ jẹ́ kí páìpù tí ń fa omi tóbi tó ẹnu pọ́ǹpù, kí ó má ṣe kéré sí i rárá. Ẹ fi fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sí ìdí rẹ̀. Ẹ sì fi omi kún pọ́ǹpù kí ẹ tó tan iná sí i ní ìgbà àkọ́kọ́.

Iná àti jẹnẹrétọ̀

Mọ́tò pọ́ǹpù máa ń fa iná ní ìlọ́po bíi mélòó kan nígbà tí ó bá ń bẹ̀rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí agbára rẹ̀ jẹ́ 650 wáàtì, tí ó ń tan gílóòbù àti tẹlifíṣọ̀n dáadáa, kò lè ta pọ́ǹpù 1 hp. Ẹni tí ó bá ra pọ́ǹpù ńlá yóò tún ra jẹnẹrétọ̀ ńlá, yóò sì máa ra epo fún méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni iná NEPA, bí a ṣe ń pè é títí di òní, bí ó bá wálẹ̀ púpọ̀, ẹ pa pọ́ǹpù. Iná tí kò tó a máa sun mọ́tò.

Fún àwọn tí ń sin ẹja

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ń sin ẹja àrọ̀ lẹ́yìnkùlé, wọ́n sì ń jẹ́ kí omi ẹja ṣàn lọ sínú táǹkì ìsàlẹ̀ kí ìdọ̀tí lè sílẹ̀, kí pọ́ǹpù tó dá a padà. Àwọn ọmọ wa ní Amẹ́ríkà àti ní Lọ́ńdọ̀nù tí ń sin ẹja nínú gíláàsì ní pálọ̀ ń ṣe irú rẹ̀. Àwọn mìíràn ń gbé táǹkì ìsàlẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilé, tí pọ́ǹpù yóò fi gbé omi gun mítà 3 tàbí 4. Ìṣirò kan náà ni. Pọ́ǹpù tí wọ́n kọ Hmax mítà 2 sí lára kò lè gbé omi dé mítà 3, bí ó ti wù kí Qmax rẹ̀ pọ̀ tó.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ fi kún un fún wọn. Èkíní, bí iná bá lọ, omi inú páìpù àti díẹ̀ nínú táǹkì òkè yóò ṣàn padà sísàlẹ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú táǹkì ìsàlẹ̀ fún un, kí ilẹ̀ má bàa kún fún omi. Ihò kékeré lára páìpù tí ń dá omi padà, ní ibi tí ojú omi òkè dé gan-an, yóò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, omi kò sì ní fa ara rẹ̀ padà mọ́. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò kí ìdọ̀tí má dí i. Èkejì, ẹ yẹra fún páìpù bàbà nínú omi ẹja. Bàbà a máa pa ẹja. Ẹ̀kẹta, ẹ dán an wò: ẹ pa iná lójú ara yín ní ọ̀sán, kí ẹ wo ibi tí omi dúró sí, kí ó tó ṣẹlẹ̀ ní òru.

Ẹni tí kànga rẹ̀ sì sún mọ́ ihò ìwakùsà àtijọ́, kí ó ṣọ́ra. Omi tí ń ti ibi ìwakùsà jáde máa ń kan, irin sì máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ ó rí i bí ó ṣe ń pọ́n ilẹ̀ tí ó bá ti ṣàn kọjá. Irú omi bẹ́ẹ̀ a máa jẹ pọ́ǹpù onírin. Ẹ ra èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ irin tí kì í dípẹtà. Ẹ sì gbé omi náà lọ fún àyẹ̀wò kí ẹnikẹ́ni tó mu ún, tàbí kí ẹ tó da ẹja sí i.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Ẹ̀mí ti sọnù ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Nàìjíríà nítorí pé wọ́n sọ ẹ̀rọ elépo bẹntiróòlù kalẹ̀ sínú kànga láti fi fa omi. Èéfín rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde. Ẹni àkọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, kò jáde. Ẹni kejì wọlé láti gbà á, òun náà kò jáde. Èéfín tí ń pani yìí kò ní òórùn, ojú kò sì rí i. Bí ẹnikẹ́ni bá dákú sínú kànga tàbí táǹkì abẹ́ ilẹ̀, ẹ má wọlé tọ̀ ọ́ lọ. Ẹ pariwo, ẹ pe àwọn panápaná. Táǹkì tí a ti dé pa fún ìgbà pípẹ́ náà lè má ní afẹ́fẹ́ tí ènìyàn lè mí sí. Àwọn awakùsà àtijọ́ mọ èyí. Wọn kì í wọ ihò tí wọn kò yẹ afẹ́fẹ́ rẹ̀ wò.

Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná so wáyà tí ó wọ ilẹ̀ mọ́ pọ́ǹpù, kí ó sì fi swíìṣì tí ń já fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá ń jò sí i. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kí ọwọ́ tó kan omi. Ẹ sì máa ti ìdérí táǹkì abẹ́ ilẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ nítorí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́.

Ohun tí a ó mú lọ sí ṣọ́ọ̀bù

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ kọ nǹkan márùn-ún sínú ìwé: iye lítà tí ilé ń lò lójúmọ́, gíga láti ojú omi dé ẹnu páìpù òkè, gígùn páìpù, ìbú rẹ̀ àti iye kọ́nà rẹ̀, bí ojú omi ṣe jìn sí ibi tí pọ́ǹpù yóò jókòó sí, àti agbára jẹnẹrétọ̀ tí ẹ ní. Kí ẹ wá bi òǹtajà pé: "Ní gíga yìí, lítà mélòó ni pọ́ǹpù yìí yóò gbé ní ìṣẹ́jú kan?" Ẹ ní kí ó fi ìlà tí ó fi gíga àti omi hàn lára páálí tàbí nínú ìwé rẹ̀ hàn yín. Bí kò bá lè fi hàn, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìmọ̀ físíìsì ní ilé-ìwé, ẹ ran àwọn òbí yín lọ́wọ́. Ìwé tí ẹ kà nípa agbára afẹ́fẹ́, ilé yín ni kí ẹ ti kọ́kọ́ lò ó. Bí ẹgbẹ́ wa bá sì lè ra okùn ìwọ̀n gígùn kan sí ọ́fíìsì, kí ìdílé tí ó bá fẹ́ ra pọ́ǹpù máa yá a lò, a ti ṣe ara wa lóore.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí omi wa pọ̀, kí ó tutù, kí ó má gbé ọmọ ẹnikẹ́ni lọ.